Ẹ̀yin tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ òòfà lé lórí, kí lẹ rí?

Ìyá Ìbejì (Sheffield)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹnìkan bèèrè lánàá bóyá òótọ́ ni pé ẹ̀rọ òòfà tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wọnú ọpọlọ. Mo ti jókòó sábẹ́ rẹ̀, mo lè sọ tèmi. Ìlú tí mò ń gbé yìí náà ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Anthony Barker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1985.

Wáyà tí wọ́n ká bí òǹkà 8 ni wọ́n gbé lé apá òsì orí mi. Wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tó ń darí ọwọ́. Bí ẹ̀rọ bá ti dún "tá!", àtàǹpàkò ọ̀tún mi á ṣàdédé fò pìrì, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo gbé e! Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí agbára tí orí mi nílò ṣe pọ̀ tó. Wọ́n wá sún un síwájú orí, ó ń dún tá-tá-tá-tá, ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Awọ orí ta mí, orí sì fọ́ mi níbẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe irin inú ẹ̀jẹ̀ ni òòfà ń fà o, bí àǹtí mi ṣe ń sọ kiri. Agbára òòfà tó ń yára dé, tó ń yára lọ yẹn ló ń dá iná mànàmáná díẹ̀ sílẹ̀ nínú ọpọlọ, kò sì wọlé ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iṣẹ́ ló sì ń pe ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ ò ju nǹkan bíi 2% ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń lo nǹkan bíi 20% ọ́síjìn ara. Ibi tó bá ń ṣiṣẹ́, òpójẹ̀ ibẹ̀ á fẹ̀, ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ á sì gbé wá máa ń ju èyí tí ibẹ̀ máa lò lọ.

Mo fojú ara mi rí i. Wọ́n ń ṣe ìwádìí kan, mo sì gbà láti dá sí i. Wọ́n de bẹ́líìtì tó ń tan iná pupa mọ́ mi níwájú orí, torí ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ọ́síjìn àti èyí tí kò ní tó kì í gba ìmọ́lẹ̀ sára bákan náà. Wọ́n ní kí n máa dárúkọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan. Bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kiri, ìlà pupa lójú kọ̀ǹpútà, ti ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ọ́síjìn, ń gòkè, ti búlúù, ti èyí tí kò ní tó, ń lọ sílẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé orí mi ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Oníwádìí náà là á fún mi pé bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń yí ọ́síjìn padà ò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn: ti ẹlòmíì ń gòkè, ti ẹlòmíì ń sọ̀ kalẹ̀.

Dáúdù (Houston)

Ẹ ṣeun, Mọ́mì Ìbejì. Apá ọ̀tún ni wọ́n gbé tèmi sí, ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo bi dókítà pé kí ló dé tó fi ń rọra ń lù báyìí. Ó ní èyí tó ń yára máa ń ta ọpọlọ jí, èyí tó ń rọra máa ń pa á rọ́rọ́. Ní 2000, àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà níbí fi ẹ̀rọ ayàwòrán wo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn bíi tiwa: ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan mú un pọ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀kan mú un dínkù. Oorun ni nǹkan àkọ́kọ́ tó padà wá fún mi. Ìfẹ́ oúnjẹ tẹ̀ lé e.

Adérónkẹ́ (Peckham)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ irin. Wọ́n ti fi irin kékeré di òpójẹ̀ kan tó wú nínú orí màmá mi nígbà kan, nítorí náà àwọn dókítà ò jẹ́ kí màmá sún mọ́ ẹ̀rọ náà rárá. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbọ́ran tí wọ́n rì sínú etí náà ò gbọdọ̀ ṣe é, ẹni tó ní wárápá sì gbọ́dọ̀ tètè sọ. Oògùn àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ ìrònú ni màmá ń lò báyìí. Wọ́n jáde lọ sọ́jà fúnra wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá.