Ọjà Kérésì ń pè mí, Ádífẹ́ńtì náà ń pè mí: báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Aṣọ àti bàtà ọmọdé ni mo ń tà ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọmọ Áńgílíkà láti Ọ̀yọ́ ni mí. Ádífẹ́ńtì, àsìkò ìmúrasílẹ̀ ṣáájú Kérésì, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi tó bá súnmọ́ 30 oṣù Kọkànlá jù lọ. Àsìkò tó yẹ ká fi yẹ ara wa wò de bíbọ̀ Olúwa, òun gan-an ni mo ń sáré jù lọ́dún. Owó iléèwé táàmù kejì, owó ṣọ́ọ̀bù, ọjà oṣù Kejìlá ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Àlùfáà wa á wọ aṣọ elésè àlùkò, á ní ká má tí ì kọrin Kérésì. Tí mo bá dé ọjà, orin Kérésì ló ń ké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àwọn ọmọ wá ńkọ́? Iléèwé wọn á ti ṣe pátì, wọ́n á ti rí Bàbá Kérésì. Tó bá fi máa di 26, ó ti tán lójú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pa àsìkò yìí mọ́?

Ọmọ Ajílété: Ẹ̀gbọ́n mi, Onítẹ̀bọmi ni wá nílé. Ní 1898 ni wọ́n dá iléèwé àwọn pásítọ̀ wa sílẹ̀ n'Ógbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ wa ní Ádífẹ́ńtì ní ìjọ tí mo dàgbà sí. Róòmù 14 ní ẹnì kan ń ka ọjọ́ kan sí ju òmíràn lọ, ẹlòmíràn ka gbogbo ọjọ́ sí bákan náà. Ẹ má sọ ọ́ di ẹrù. Ẹ ta ọjà yín.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù: O ṣeun, àbúrò mi. Kì í ṣe ẹrù. Ó ń wù mí ni.

Ìyá Ìbejì: Èmi náà ń ta ìrẹsì àti òróró l'Ákẹ̀sán. Kátólíìkì ni wá. Àbẹ́là mẹ́rin la máa ń tò sórí tábìlì, elésè àlùkò mẹ́ta, píǹkì kan fún Ọjọ́ Ìsinmi kẹta. A ó máa tan ọ̀kan kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni. A ka Àìsáyà díẹ̀, a kọrin kan, ó parí. Àwọn ọmọ ló ń rán mi létí tó bá ti rẹ̀ mí. Ní ti Bàbá Kérésì, ara Nicholas Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Myra nílẹ̀ Tọ́kì òde òní, ni wọ́n ti mú un jáde. 6 oṣù Kejìlá ni ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, pé ó máa ń ta tálákà lọ́rẹ ní kọ̀rọ̀. A ó wá wọn ìrẹsì fún opó kan ládùúgbò.

Bàbá Kátíkíìsì: Ọmọ mi, ta ló ní 26 ni òpin? Ọjọ́ 25 ni Kérésì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀! Ọjọ́ 12 ni, títí di 5 oṣù Kìn-ín-ní. 6 ni Ìfihàn, tí à ń rántí àwọn amòye ìlà-oòrùn. 26 oṣù Kejìlá jẹ́ ti Stéfánù tí wọ́n sọ lókùúta, 28 jẹ́ ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí Hẹ́rọ́dù pa. Ọjà ti rọ̀ nígbà náà, ọwọ́ yín ti dilẹ̀. Ẹ fi aṣọ kan pamọ́ fún àwọn ọmọ di Ìfihàn. Aládùúgbò Mùsùlùmí tó gbé ẹran Iléyá fún yín, ẹ pè é wá jẹun láàrin ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ankárá tí àwọn ẹgbẹ́ inú ìjọ ń gbé jáde ní oṣù Kọkànlá, tí ẹni tí kò ní á lọ yáwó. Inú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀bi yẹn wà, kò sí lọ́rùn ẹni tó ń ta bàtà.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù: Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ọkọ mi ti kà á, ó ní ká tan àbẹ́là lọ́dún yìí. Ìyá Ìbejì, tí mi ò bá rí elésè àlùkò ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Funfun náà dára. Ẹ so rìbọ́ǹnù elésè àlùkò mọ́ ọn nídìí. Ẹ tètè rà á o, kí ìyà ọjà tó dé.