WSUS wa ti gbó, ṣé kí n upgrade ẹ̀ lórí VM tó wà?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, WSUS wa (server tó ń pín update Windows fún àwọn kọ̀ǹpútà wa) ṣì wà lórí Windows Server 2012 R2, nínú VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) lórí VMware, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows yẹn dúró láti October 2023. Ṣé kí n kàn ya snapshot (ipò VM tí mo lè dá a padà sí) kí n upgrade ẹ̀ síbẹ̀ ni àbí kí n ṣe VM tuntun?

Èsì 1:
Àbúrò, VM tuntun ni o. Fi Server 2022 àti WSUS sí i, sọ ọ́ di replica (ẹ̀dà tó ń tẹ̀lé) ti àtijọ́, tó bá ti sync tán gbogbo approval ẹ (àwọn update tó o ti fọwọ́ sí) ti wọlé nìyẹn, kó o wá yọ ọ́ kúrò ní replica, kó o yí àdírẹ́sì WSUS inú GPO (ètò tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà), má gbàgbé port 8530 tí WSUS ń lò. Má tíì pa ti àtijọ́ o, jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ yọjú lórí tuntun ná.

Èsì 2:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Snapshot kì í ṣe backup rárá, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rí, ó ń wú títí datastore (ibi tí fáìlì àwọn VM wà) fi kún, VM mẹ́rin dúró gbagidi, ojú mi rí màbo lọ́jọ́ yẹn. Tún gbé memory WsusPool (apá tó ń gbé WSUS ṣiṣẹ́) sókè nínú IIS, web server Windows, 1.8GB tó bá a wá kéré jù.

Oníbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, alẹ́ Jímọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀.