Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láìsí lọ́yà ní California, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ọmọ_Onílé: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Èmi àti agbaṣẹ́ṣe tó tún òrùlé mi ṣe la jọ wà ní Superior Court (kòtù àkọ́kọ́), jọ́ọ̀jì ní kí n san 48,000 dọ́là fún un. Lọ́yà mi ti ká ẹrù ẹ̀ lọ torí owó. Mo fẹ́ fúnra mi gbé e lọ sí Court of Appeal, kòtù kòtẹ́milọ́rùn. Fọ́tò ibi tí omi ti ń jò wà nínú fóònù mi, a ò fi han jọ́ọ̀jì nígbà yẹn, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ jáde kí n mú un lọ?

Àǹtí_Olóòótọ́: Ẹ má bínú o, wọn ò ní wo fọ́tò yẹn. Àwọn jọ́ọ̀jì mẹ́ta tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ò ní gbọ́ ẹlẹ́rìí, ohun tó ti wà nílẹ̀ ní kòtù àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n máa kà, wọ́n á wò ó bóyá jọ́ọ̀jì yẹn ṣi òfin lò àti bóyá àṣìṣe yẹn ló mú yín pàdánù. Èmi náà ti ṣe é rí, mo kọ ojú ewé 30 lórí bí ẹni tá a jọ ń ṣẹjọ́ ṣe ń purọ́, wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn lórí ẹ̀. Kí ni déètì tó wà lórí Notice of Entry of Judgment, ìwé tó sọ pé ìdájọ́ ti wọlé, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín? 60 ọjọ́ péré lẹ ní láti fi pẹjọ́, ti pé póòsì ló gbé e wá ò fi ọjọ́ kan kún un. Tó bá ti lé, ó parí nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Baba_Fáìlì: Fọ́ọ̀mù APP-002, tó sọ pé ẹ fẹ́ pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, lẹ máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀, 775 dọ́là ni, ẹ fi fọ́ọ̀mù FW-001 bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbowó tápá ò bá ká a. Lẹ́yìn ìyẹn, kó tó pé ọjọ́ 10, ẹ fi fọ́ọ̀mù APP-003 sọ ohun tí wọ́n máa kó sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ìyẹn àkójọ tí àwọn jọ́ọ̀jì mẹ́ta náà máa kà, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ṣé court reporter, ẹni tó ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, wà ní kòtù lọ́jọ́ yẹn?

Ọmọ_Onílé: Kò sí o. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa sanwó ẹ̀.

Baba_Fáìlì: Háà. Ẹ bèèrè settled statement nígbà náà, fọ́ọ̀mù ẹ̀ ni APP-014. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan sọ sílẹ̀, ẹnìkejì á sọ tiẹ̀, jọ́ọ̀jì àkọ́kọ́ yẹn náà láá wá fọwọ́ sí èyí tó tọ́. Ẹ má bù mọ́ ọn o, òun náà wà níbẹ̀.

Sùúrù_SD: Ẹ má sì rò pé gbèsè ti dúró torí pé ẹ pẹjọ́ o, wọ́n ṣì lè wọ báǹkì yín. Bọ́ǹdù, ìyẹn ìwé ìdúró tó jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀ owó ìdájọ́, ló ń dá a dúró, tiyín á jẹ́ 72,000 dọ́là lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń dúró fúnni.

Ọmọ_Onílé: Yéè! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọjọ́ ni, 41 ti lọ. Mo ti ń kọ APP-002 báyìí. Ṣé èmi náà ni mo máa fi ti lọ́yà agbaṣẹ́ṣe yẹn sí póòsì?

Àǹtí_Olóòótọ́: Rárá o! Ẹlòmíì tó ti pé ọdún 18 tí kò sí nínú ẹjọ́ náà ni kó bá yín fi ránṣẹ́, kó sì fọwọ́ sí proof of service, ìwé ẹ̀rí pé ó fi ránṣẹ́. Ìyàwó yín ńkọ́?

Ọmọ_Onílé: Orúkọ àwa méjèèjì ló wà nínú ẹjọ́ náà mà. Màá bẹ àbúrò mi.