Másítà báyótẹkinọ́lọ́jì: báwo lẹ ṣe ń ṣe kíláàsì àti ìwádìí pọ̀?

Àdùkẹ́ Ìkìrun:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti gbà mí wọlé fún másítà nínú báyótẹkinọ́lọ́jì. Sáà méjì àkọ́kọ́, kíláàsì àti ìdánwò ni. Ìwádìí àti àpilẹ̀kọ ló kù. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní báyọ́lọ́jì, àmọ́ mi ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ PCR rí, èyí tó ń ṣe ẹ̀dà DNA, ohun tó gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì; àwòrán ẹ̀rọ náà ni mo fi ń kọ́ wọn. Ṣé kí n gbájú mọ́ ìwé, kí n fi làábù sílẹ̀ títí ìdánwò á fi parí? Ẹ̀gbọ́n mi kan sọ pé kíláàsì yẹn, àkókò lásán ló ń fi ṣòfò, pé ìwádìí gan-an ni oyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì:
Àbúrò mi, o kú oríire. Má gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn o. Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn, oṣù mẹ́rin ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gẹ́ ni mo ṣiṣẹ́ lé, lórí àrùn mósáíìkì tó máa ń fi àbàwọ́n àwọ̀ ìyeyè sí ewé, tí ewé á sì lọ́ pọ̀. Eṣinṣin funfun kéékèèké ló ń gbé e láti oko dé oko. Ẹ̀gẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọkọ Ìyàwó (TME 7 ni nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀), àrùn yìí kì í rí i gbé ṣe. Inú irú àwọn ẹ̀gẹ́ àgbẹ̀ wa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí ìdènà tí wọ́n ń pè ní CMD2. Lọ́dún 2022 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé àyípadà nínú àbùdá tó ń bá sẹ́ẹ̀lì da DNA kọ ló ń bá ìdènà náà rìn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ọwọ́ àgbẹ̀ ló pa á mọ́ dè wá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí oko mẹ́ta ń pè ní Ọkọ Ìyàwó, ọ̀kan náà ni.

Mo já ewé, mo lọ̀ ọ́, mo yọ DNA, mo gbé e sínú PCR: ooru 94 °C kí okùn méjèèjì DNA lè tú, 55 kí práímà (DNA kúkúrú tí ẹ̀dà ti ń bẹ̀rẹ̀) lè lẹ̀ mọ́ ọn, 72 kí ẹ̀dà lè jáde, ìgbà 35. Mo wo jẹ́ẹ̀lì, níbi tí ẹ̀dà DNA ti máa ń hàn bí ìlà: ó ṣófo. Mo tún un ṣe, ó ṣófo. Mo pààrọ̀ práímà. Mo fowó ara mi ra ẹ́ńsáìmù tuntun. Ó tún ṣófo.

Alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò ni mo ṣí nóòtì kíláàsì kan tí mi ò lọ. Ó wà níbẹ̀ kedere: pólífẹ́nọ́ọ̀lù, kẹ́míkà tí ewé ń ṣe fúnra rẹ̀, pọ̀ nínú ewé ẹ̀gẹ́, ó máa ń bá DNA jáde, kì í sì í jẹ́ kí Taq, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ẹ̀dà, ṣiṣẹ́. Ewé tó gbó ló burú jù. Kẹ́míkà PVP tí a bá pò mọ́ CTAB, omi tí a fi ń yọ DNA, ló máa ń gbá a mú. Mo padà sóko, mo já ewé orí pátápátá, èyí tí kò tíì ṣí tán, mo kó o sínú ọ̀rá pẹ̀lú silica gel kó lè gbẹ kíákíá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni ìlà tàn, mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án. Mo jókòó ti jẹ́ẹ̀lì yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Torí náà, gbé ìbéèrè ìwádìí rẹ lọ sí kíláàsì láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Sẹminá tí wọ́n bá ní kí o ṣe, orí ẹ̀ ni kó dá lé. Á wúlò fún orí kejì àpilẹ̀kọ rẹ.

Ìyá Làábù:
Àdùkẹ́, ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ ni mo ti wà nídìí bẹ́ńṣì. Ti pípẹ́ẹ̀tì, ohun tí a fi ń wọn omi kékeré, kò le: fa omi máíkírólítà mẹ́wàá, gbé e sórí ìwọ̀n, mílígíráàmù mẹ́wàá ló yẹ kó jẹ́. Ṣe é títí ọwọ́ rẹ á fi dúró. Kí o tó gba àkọlé lọ́wọ́ alámòójútó, bi í pé ta ni yóò ra kẹ́míkà. Má sì kó gbogbo ohun tí o bá yọ sínú fírísà kan ṣoṣo. Mo ti rí i tí ọmọbìnrin kan sunkún nítorí iná tó lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìdánwò náà ńkọ́? Máàkì rẹ ni wọn ó kọ́kọ́ wò bí o bá fẹ́ tẹ̀ síwájú sí ọ̀mọ̀wé.

Àdùkẹ́ Ìkìrun:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, sà. Ògì tí ìyá mi ń tà ni mo ní lọ́kàn, láti mọ àwọn bakitéríà tó ń kan án. Ṣé pólífẹ́nọ́ọ̀lù á dà mí láàmú níbẹ̀ náà?

Bàbá Ìbejì:
Tó bá jẹ́ ti ọkà bàbà pupa, bẹ́ẹ̀ ni, taníìnì, irú pólífẹ́nọ́ọ̀lù kan, wà nínú ẹ̀. Fi ògì àgbàdo funfun bẹ̀rẹ̀. Ara Lactobacillus, bakitéríà tó máa ń kan ògì, sì nípọn, fi lysozyme, ẹ́ńsáìmù tó ń já ara rẹ̀, sí i kí o tó máa yọ DNA.