Ìgbì kọ́ ni táìdì o: kí la fẹ́ máa pe òkun tó ń kún tó ń fà?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ lórí kí la máa pe táìdì (ohun tí òyìnbó ń pè ní tide, bí òkun ṣe ń kún tó tún ń fà) ní Yorùbá, mo fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀ àmọ́ kò ṣeé dákẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: àbúrò wa kan tó ń gbé ní Gravesend ló bèèrè, torí ó ń túmọ̀ ìwé ìkìlọ̀ etíkun ìgbà wíńtà fáwọn òbí tó máa ń wá kí ọmọ nílùú ọba. Ẹnì kan ní ká pè é ní ìgbì. Ẹlòmíì ní àkúnya omi. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ èdè ní ká kọ "táìdì" síbẹ̀ kí oníkálukú máa lọ sùn, pé èdè tó gba bọ́ọ̀sì tó gba rédíò, kí ló ní kó má gba táìdì.

Ti ìgbì yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí ó ti kó mi sí wàhálà rí.

Lóṣù Disẹ́ńbà tó kọjá, màámi wá láti Ẹ̀pẹ́, mo wá ní kí n mú wọn lọ wo òkun ní Southend, ní Essex níbí. Ìjọ kan ti pín ìwé pélébé kan fáwọn àgbàlagbà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ yẹn ni "Ìgbì gíga: agogo 1 ọ̀sán." A dé ibẹ̀ ní nǹkan bí agogo 9:30. Ẹni tó bá mọ Southend mọ̀ pé tí omi ibẹ̀ bá ti fà, ó lè lọ jìnnà ju máìlì kan lọ, ẹrẹ̀ lásán lẹ máa rí títí ojú yín ò fi ní rí òpin ẹ̀, ìdí ẹ̀ náà ló fi jẹ́ pé afárá tí wọ́n kọ́ wọnú òkun níbẹ̀ gùn ju kìlómítà méjì lọ, kí ọkọ̀ ojú omi lè ráyè gúnlẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Màámi wo òkun, ó pa rọ́rọ́, kò sí ìgbì kankan. Wọ́n ní, "Ìgbì di agogo kan, ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀." Èmi náà gbà, torí bí mo ṣe ka ìwé yẹn náà nìyẹn, mo rò pé ìgbì kan tó ga ló ń bọ̀ ní agogo 1, pé ká ti kúrò níbẹ̀ ní agogo 12.

Ṣé ẹ wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Omi ò ṣe bí ìgbì. Kò hó, kò pariwo, kò tiẹ̀ gba iwájú wá. Inú àwọn ojú ìṣàn kéékèèké tó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn ló gbà, ó yọ́ gba ẹ̀yìn wa kọjá, ìgbà tí ọkùnrin kan tó ń mú ajá ẹ̀ rìn fi máa pariwo sí wa láti òkè, omi ti wà láàárín àwa àti ilẹ̀ gbígbẹ. A la á kọjá, ó dé orúnkún, òtútù omi Disẹ́ńbà yẹn ṣì ń ṣe mí lára bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ tí màámi sọ nígbà tá a dé òkè ni pé, "Èyí kì í ṣe ìgbì. Omi ló kún." Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wá fún yín lónìí.

Torí ohun tí ìgbì jẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń dá a sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́, omi ru, ìgbì dìde, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, ìgbì náà á rọlẹ̀ tó bá yá. Táìdì ò bá afẹ́fẹ́ ṣàdéhùn rárá. Òṣùpá ló ń fà á, oòrùn ń ràn án lọ́wọ́, bó ti wù kí ojú ọjọ́ tutù tàbí kó móoru, omi á kún, á fà, láti kíkún kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí omi bá kún ní agogo 1 lónìí, lọ́la á fẹ́rẹ̀ẹ́ lu agogo méjì. Agogo 1 tó wà nínú ìwé yẹn sì ni ìgbà tí omi máa parí kíkún, kì í ṣe ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà ló fi ń kún, wákàtí kẹta àti ìkẹrin ló sì máa ń yára jù, àárín wákàtí méjèèjì yẹn gan-an la wà lórí ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n túmọ̀ sí nǹkan míì ló fa gbogbo ẹ̀.

Mo mọ ìdí tí ìgbì fi ń yá wa lẹ́nu o. Ní etíkun Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, àmọ́ ìgbì ibẹ̀ le, ìgbì ló ń pa èèyàn ní Bar Beach láyé àtijọ́, ìgbì ni gbogbo ìyá ń fi kìlọ̀ fọ́mọ. Ní Southend, ìyàtọ̀ yẹn ju mítà 5 lọ nígbà tí omi bá ń kún dáadáa, ẹ bá dé apá Bristol á tó mítà 12 sókè, ìyẹn ilé alájà mẹ́rin. Ohun tí kò tó nǹkan lójú wa nílé ló ń pààyàn níbí, ọ̀rọ̀ wa gbọ́dọ̀ lè dá méjèèjì mọ̀.

Àkúnya omi náà ò lè ṣe é. Àkúnya ni omi tó kún kọjá ààyè ẹ̀ tó wọlé onílé. Táìdì kì í ya, ààyè ẹ̀ ló wà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń dé ibi tó yẹ kó dé. Tẹ́ ẹ bá ń kọ àkúnya lójoojúmọ́, ọjọ́ tí àkúnya gidi bá wá dé, kí lẹ máa kọ? Ẹnì kan wá ní "ìkún omi." Ó dùn létí, àmọ́ ẹ ṣí Bíbélì yín, ìkún omi ni ti Nóà, ẹ má dẹ́rù ba àwọn màmá ìjọ wa lọ́sàn-án gangan.

Ohun témi rò ni pé ká tẹ̀ lé ẹnu àwọn tó ń gbé létí omi. Ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí mo dàgbà sí, ọ̀rọ̀ ìṣe ni wọ́n ń lò, wọn kì í wá orúkọ: omi ti kún, omi ti fà, omi ń wọlé, omi ti jáde. Mi ò rí ìdí tí ìwé ìkìlọ̀ ò fi lè sọ bẹ́ẹ̀. "Òkun máa kún tán ní agogo 1. Ó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti agogo 7 àárọ̀." Màámi ì bá ka èyí, wọn ò ní tẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀ yẹn láéláé. Tó bá jẹ́ inú tábìlì tí àyè ò ti sí, ẹ kọ "kíkún" àti "fífà," ó tán.

Tá a bá wá fẹ́ orúkọ fún gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan kọ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, mo dábàá ÀKÚNFÀ. Àkúnfà òkun. Bá a ṣe ń sọ àtúnṣe, tá a ń sọ àlọbọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe jókòó, ohun tó ń kún tó tún ń fà. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an, táìdì tẹ́ ẹ fẹ́ gbà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ bọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, a fojú rí i. Táìdì ò bá ọkọ̀ òyìnbó dé, omi Ẹ̀pẹ́ ti ń kún ó ti ń fà kí òyìnbó tó dé, kí la fẹ́ yá orúkọ ẹ̀ fún?

Ó tún ku èyí tó bí mi nínú jù. Ẹnì kan túmọ̀ spring tide sí "ìgbì ìgbà ìrúwé." Áà! Kò bá ìgbà ìrúwé tan o. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wáyé láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wíńtà, sọ́mà, kò yàn. Tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó bá di àrànmọ́jú, òun àti oòrùn á wà lórí ìlà kan náà, wọ́n á jọ fa omi, lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì omi á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì tún fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tí ìdajì òṣùpá bá ń hàn ló máa ń rọ̀, tí kíkún ò ní ga púpọ̀ tí fífà náà ò ní jìn. Ẹni tó ka ìgbà ìrúwé á rò pé láti Nofẹ́ńbà títí di Fẹ́búárì kò séwu, bẹ́ẹ̀ wíńtà gan-an léwu ti pọ̀ jù. Èmi ní ká pè é ní omi ńlá, ká pe ìkejì ní omi kékeré: "ọ̀sẹ̀ omi ńlá la wà yìí." Ọ̀sẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe wákàtí, kò ní dàrú mọ́ kíkún.

Ìdí tí wíńtà fi burú jù ni pé ìgbà yẹn ni ìjì ń bá omi ńlá pàdé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ nípa òru January 31 sí February 1, ọdún 1953, tí òkun ya wọ ìlú, àbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Essex. Ẹ̀fúùfù líle ń ti omi bọ̀ láti apá àríwá Òkun Àríwá, òkun yẹn sì dà bí àrọ, ó fẹ̀ lókè, ó há nísàlẹ̀, ó tún ń di aláìjìn bó ṣe ń bọ̀, omi ò ríbi gbà. Ọ̀sẹ̀ omi ńlá ló tún bọ́ sí. Èèyàn 307 ló kú lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó lé ní 1,800 ní Netherlands, ní Canvey Island tí kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń kọ èyí, 58 ló bómi lọ, orí bẹ́ẹ̀dì ni omi bá ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ìdènà tó wà lójú odò Thames báyìí, tí wọ́n ṣí ní 1984. Kí wá lorúkọ omi yẹn? Ẹnì kan ní sùnámì. Rárá o, ilẹ̀ tó mì lábẹ́ òkun ló ń bí sùnámì ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Afẹ́fẹ́ ló ti èyí wá, bí ìfúnpá afẹ́fẹ́ bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ ní mílíbà kọ̀ọ̀kan, òkun ń ga sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, torí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti fúyẹ́. Mo ní ká pè é ní omi àtìwá, omi tí ìjì tì wá. Ó máa ń gun orí àkúnfà ni, á wá di méjì.

Ẹ jẹ́ kí n yára fọwọ́ kan àwọn tó kù. Ẹ má pe wíńtà ní ìgbà ọyẹ́. Ọyẹ́ gbẹ, ó ń fa ètè ya, eruku Sàhárà ló ń gbé bọ̀, wíńtà etíkun níbí, omi ni ṣáá, ìgbà òtútù tó o. Kùrukùru ò ní wàhálà, ẹ lò ó fún fog, lójú àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ fáwọn awakọ̀ òkun, tí ojú ò bá ti lè ríran tó mítà 1,000, kùrukùru dé nìyẹn. Ìkìlọ̀ ẹ̀fúùfù tí wọ́n ń kà lórí rédíò ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ní wákàtí nínú: èyí tó máa dé kí wákàtí 6 tó pé, wákàtí 6 sí 12, àti èyí tó lé ní 12. Tiwa ti wà nílẹ̀: ó kù sí dẹ̀dẹ̀, láìpẹ́, tó bá yá. Ká kàn so wákàtí mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀ ìwé.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún "afẹ́fẹ́ àríwá." Ṣé èyí tó ń ti àríwá bọ̀ ni àbí èyí tó ń lọ síbẹ̀? Àwọn awakọ̀ òkun ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá pè é, wọ́n sì ń fi ibi tí ìṣàn omi ń lọ pe ìṣàn, méjèèjì takora. Ẹ kọ "afẹ́fẹ́ láti àríwá" àti "ìṣàn sí àríwá," kò gùn jù, ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀.

Mo dán gbogbo ẹ̀ wò, mo kà á fún màámi lórí fóònù lánàá: "Agbègbè Thames. Afẹ́fẹ́ láti àríwá, agbára 7 sí 9, ẹ̀fúùfù líle máa dé láìpẹ́. Òkun máa kún tán ní agogo 1 ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ omi ńlá la wà, ó ṣeé ṣe kí omi àtìwá gùn ún, ẹ má sún mọ́ etí omi." Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan, àfi pé wọ́n ní ṣé mo tún fẹ́ lọ síbẹ̀ ni.

Àbúrò wa ní Gravesend, mo ti ka ìwé tìẹ náà, ibi mẹ́rin lo ti kọ ìgbì tó jẹ́ kíkún lo fẹ́ sọ, mo ti fàlà sí wọn. Ọjọ́ Ẹtì lo ní o máa tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju àkúnfà lọ, pàápàá ẹ̀yin Ìlàjẹ tẹ́ ẹ bá òkun sùn tẹ́ ẹ bá a jí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú un wá ṣáájú ọjọ́ náà.