Báwo ni mo ṣe lè tọpa ìtàn ìdílé bàbá ọkọ mi, àgbẹ̀ ará Iowa?

Ìyàwó Ilé Àgbẹ̀ béèrè pé:

Mo kí gbogbo ilé. Bàbá ọkọ mi jẹ́ àgbẹ̀ ní ìlà-oòrùn Iowa, ní Amẹ́ríkà. Àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni ó ń gbìn, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Àwọn ọmọ mi ń bi mí léèrè ibi tí ìdílé bàbá wọn ti ṣẹ̀ wá, n kò sì fẹ́ kí àgbà yìí lọ kí a tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí bàbá sọ fún mi nìyí. Bàbá bàbá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kúrò ní àríwá Jámánì ní 1873. Ìjọba fún wọn ní ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́; akọ̀wé kan ní Ellis Island, ibùdó tí wọ́n ti ń gba àwọn àjèjì wọlé ní New York, gé lẹ́tà méjì kúrò ní ìparí orúkọ wọn; àbúrò náà sì bínú lọ sí Nebraska, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìwé kan ṣoṣo tó wà nílé ni Bíbélì èdè Jámánì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Láàárín Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n kọ orúkọ ọmọ méje sí pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn, tàdáwà rẹ̀ sì ti ń ṣá. Ọdún méjì-méjì ni ó wà láàárín wọn, àfi láàárín ìkẹta àti ìkẹrin, tí ó jẹ́ ọdún mẹ́fà. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Olùwádìí Ìwé Ilẹ̀:

Ẹ kú ìtọ́jú ìdílé, ìyàwó ilé. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ní agbègbè yẹn, ilẹ̀ ni ó máa ń ní ìwé jù lọ. Òfin Homestead tí Ààrẹ Abraham Lincoln buwọ́ lù ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1862 ni àwọn ènìyàn ń pè ní ilẹ̀ ọ̀fẹ́: éékà 160 fún ẹni tó bá gbé orí rẹ̀ tí ó sì dá oko níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n kí òfin yẹn tó dé ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Iowa, pàápàá ti ìlà-oòrùn, ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó rà á. Ẹni tó dé ibẹ̀ ní 1873, ó ṣeé ṣe jù pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti ra ilẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì Recorder, ẹni tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, ní káúńtì tí oko náà wà. Ẹ mú àpèjúwe ilẹ̀ náà dání, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀ mọ̀: township, range àti section. Township kan jẹ́ máìlì mẹ́fà ní gígùn àti ní fífẹ̀, wọ́n pín in sí section 36, section kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ éékà 640. Ẹ wá máa ka ìwé títa ilẹ̀ náà láti ọwọ́ bàbá padà sẹ́yìn, títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́.

Ìwé tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí àwọn ọmọ olóògbé máa ń fọwọ́ sí nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ra ìpín àwọn yòókù kí oko má baà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn ajogún àti ọkọ tàbí aya wọn ni ó máa ń fọwọ́ sí i, wọ́n sì sábà máa ń kọ káúńtì àti ìpínlẹ̀ tí kálukú ń gbé. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn ọmọbìnrin tí orúkọ ọkọ ti bo tiwọn mọ́lẹ̀, tí a kò mọ ibi tí wọ́n wọlé sí mọ́. Ìwé ogún fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ilé ẹjọ́, ó sì lè ka màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti ohun èlò oko olóògbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ará Midwest:

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni tèmi. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1892 ni Ellis Island ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí; ẹni tó bá gba New York wọlé ní 1873, Castle Garden, ibùdó ìgbàwọlé ìgbà yẹn, ni ó gbà. Àwọn akọ̀wé èbúté kì í sì í sọ ènìyàn lórúkọ: orúkọ tí wọ́n ti kọ sínú ìwé èrò ọkọ̀ ni wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ wo ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Amẹ́ríkà ń bá Jámánì jà, Gómìnà William L. Harding ti Iowa sì pàṣẹ ní oṣù Karùn-ún 1918 pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa sọ ní ilé ìwé, ní gbangba, lórí tẹlifóònù, àti nínú ìjọsìn pàápàá. Àwọn ìdílé Jámánì kan yí orúkọ wọn padà lásìkò yẹn. Ẹ fi orúkọ inú ìwé ilẹ̀ ṣáájú 1917 wé ti ẹ̀yìn 1918. Mo rò pé ẹni tí wọ́n gba èdè lẹ́nu rẹ̀ báyẹn lè fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbà pé àṣìṣe akọ̀wé kan lásán ni.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà:

Ọdún mẹ́fà yẹn ni ó mú mi lọ́kàn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ìkànìyàn 1900 béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó wà láàyè, wọ́n sì kọ iye méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìyá. Ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó wo ibòmíràn. Iná tó jó ní Washington ní 1921 ba èyí tó pọ̀ jù nínú ti 1890 jẹ́, nítorí náà ti ìpínlẹ̀ Iowa, 1885 àti 1895, ni kí ẹ fi dí àlàfo náà. Ti 1925 tún kọ orúkọ òbí, títí kan orúkọ ìdílé tí a ti bí ìyá.

Ní ti àbúrò, Nebraska ni òfin Homestead ti rinlẹ̀. Bí ó bá gba ilẹ̀ níbẹ̀, National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní fáìlì rẹ̀: ẹ̀rí àwọn aládùúgbò, irú ilé tó kọ́, iye éékà tó ro, àti ìwé tó fi di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìyàwó Ilé Àgbẹ̀ padà wá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Rírà ni wọ́n ra ilẹ̀ náà. Orúkọ pé pérépéré nínú ìwé 1916. Ní 1920, lẹ́tà méjì náà kò sí mọ́.

Ìkànìyàn 1900 kọ mẹ́sàn-án, méje láàyè. Ìwé ìsìnkú ìjọ wọn fi hàn pé ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní ìgbà òtútù 1886. Òkúta wọn wà ní igun itẹ́ òkú, kò ga ju orúnkún lọ, mo sì ní láti fi ìka tọ àwọn lẹ́tà rẹ̀ kí n tó lè kà á. Nígbà tí mo sọ fún bàbá, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní kí n gbé Bíbélì náà wá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí náà ó ní kí n bá òun kọ orúkọ méjèèjì sí etí ìwé náà, láàárín ọmọ kẹta àti ìkẹrin.

Mo ti kọ̀wé sí National Archives nípa àbúrò náà. Bí èsì bá dé, n óò gbé e wá síbí.