Kí la ó máa pe pẹ́pẹ́yẹ tó ń bá ọyẹ́ wọlé?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. "Pẹ́pẹ́yẹ igbó" tí ẹ dá lábàá fún ẹyẹ tí Òyìnbó ń pè ní garganey kò wọ̀ mí létí, ẹ má bínú. Igbó wo? Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, mo ti Abuja lọ sí Nguru ní Yobe, etí adágún ni mo ti rí wọn, láàárín koríko inú omi. Á ki ẹnu bọ omi, á máa sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Nígbà míì orí á rì, ìdí nìkan ni yóò kù lókè. Kì í mòòkùn. Torí náà, fún gbogbo ọ̀wọ́ wọn, mo fara mọ́ "adoríkodò", ká fi "amòòkùn" sílẹ̀ fún àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi lọ. (Èyí tí ìyá wa ń sìn lẹ́yìnkùlé, tójú rẹ̀ pọ́n bí ata yẹn, ìran mìíràn ni, Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó baba ńlá rẹ̀ wá.)

Ẹnìkan ní ká kúkú tú orúkọ Látìn rẹ̀. Rárá o! Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó ń fún ẹranko àti ewéko lórúkọ Látìn, pè é ní Anas querquedula ní 1758. Nígbà tó yá, àyẹ̀wò DNA gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n kó o lọ sínú ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Spatula, ìyẹn ṣíbí. Pẹ́pẹ́yẹ tí Òyìnbó ń pè ní shoveler, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ló lẹ́nu bíi ṣíbí. Ṣé aláìníṣíbí la ó wá máa pè ní oníṣíbí?

"Ẹlẹ́fun" tí àbúrò wa mú wá dùn, nítorí ìlà funfun tó gba òkè ojú akọ dé ẹ̀yìn ọrùn. Ṣùgbọ́n akọ nìkan ló ní in. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ti Yúróòpù àti Éṣíà dé, akọ gan-an kò tíì pààrọ̀ ìyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ abo tán. Ẹni tó bá ń wá ẹfun lóṣù kẹwàá á wá a tì.

Ilà ni mo rí lójú abo: dúdú kan gba ojú kọjá, dúdú kejì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilà ìbú. "Pẹ́pẹ́yẹ alábàjà" ni tèmi. Àgbà kan yóò ní àbàjà kì í ṣe méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Kó bá wa mú orúkọ ilà ìbú méjì wá, a ó gbà á.